Orin Olórin Lórí Agídìgbo Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń yà sọ́dọ̀ mi sábà máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ṣe tí mo fi dàgbà. Tí mo bá ní olórin ni mí, ẹ óò ní kí n dárúkọ orin tí mo kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́jú pọ̀. Orin tí mo fúnra mi dá sílẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni pé mo mú orin tí ẹlòmíràn ti kọ, tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀, mo gbé e sórí agídìgbo, mo sì yí i padà títí tí ẹni tó ni ín yóò fi máa wò ó bí ẹni rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ tí kì í ṣe òun ló rà á. Àwọn kan pè é ní olè. Àwọn kan pè é ní eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Orin olórin bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, ó sì gbé mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi nìkan kò lè gbé mi dé. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ lè fi wé iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà fẹ́ yàn.

Sílífá ni orúkọ mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí a ti ń yan ẹja tà. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, ìyá mi fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta ẹja ní Èbúté Ìkòròdú. Èrò ìyá mi ni pé kí n kọ́ òwò ẹja, kí n ti ibẹ̀ dá dúró. Orí mi ní ibòmíràn lọ́kàn.

Ìyá Ìkòròdú ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Nítòsí ibi tó ń pàtẹ sí ni ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe. Bàbá Aláago ni gbogbo èbúté ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ oníbàárà bá dá ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àpótí pákó kan lé itan. Àpótí náà ní ihò roboto láàrin, wọ́n sì to irin pẹlẹbẹ sí ojú ihò náà, kúkúrú àti gígùn. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ta á. Agídìgbo nìyẹn. Ahọ́n ni à ń pe àwọn irin yẹn, irin inú aago ògbólógbòó tó ti kú ni Bàbá Aláago sì fi ń ṣe wọ́n.

Kì í ṣe ohùn àpótí náà ló kọ́kọ́ mú mi. Mo ti gbọ́ agídìgbo rí nílé. Ohun tó mú mi ni pé orin kan wà tí rédíò ń kọ láràárọ̀ nígbà náà, orin ijó gidi, tó yára bí ẹni tí ajá ń lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ orin kan náà lọ́wọ́ Bàbá Aláago, ó rọra ń lọ bí àgbàlagbà tó ń ronú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Orin ijó ti di orin ẹkún, bẹ́ẹ̀ kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá ẹja lórí. Omi ẹja ń kán sí mi lójú, n kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mo bẹ Ìyá Ìkòròdú, òun náà lọ bẹ ọkùnrin náà. Bàbá Aláago ní, "Obìnrin kì í ta agídìgbo." Ìyá Ìkòròdú ní, "Ṣé àtàǹpàkò obìnrin kéré sí ti ọkùnrin ni?" Bàbá náà wo ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ní ti owó, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Nígbà tó wà, a jẹ ẹran. Nígbà tí kò sí, a mu gàrí.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe mí di ènìyàn. Ọ̀gá mi le. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n èmi wo ẹnu àáké yẹn gan-an, ọkàn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan agídìgbo. Yóò rán mi lọ sí ilé ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n gbọ́ orin kan dáadáa. Tí mo bá padà dé, n óò kọ ọ́ fún un bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti mí. Lẹ́yìn náà n óò wá sọ ọ̀rọ̀ orin náà lásán, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Yóò wá béèrè pé, "Níbo ni orin ti ń bá ọ̀rọ̀ jà?"

Mo ní, "Ọ̀gá, kò yé mi."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wa ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń sọ̀ tí orin ń gòkè, irọ́ ni orin yẹn ń pa. Bó o bá fẹ́ yí orin padà, ibi tó ti ń purọ́ ni kó o kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí irọ́ nínú ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀."

"Tí n kò bá rí i ńkọ́?"

"Wàá padà lọ gbọ́ ọ. Kó o tó tún ilé onílé kọ́, kọ́kọ́ sùn níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ, tí mo ń bọ̀, títí tí ọkùnrin tó ń ta àwo orin fi rò pé mo fẹ́ràn òun.

Nígbà tó wá fún mi ní agídìgbo ìkọ́ṣẹ́, ahọ́n méje ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀gá kì í nà mí, kì í bú mi. Bí mo bá ṣi ahọ́n kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò mú ẹ̀mú rẹ̀ tó fi ń tún aago ṣe, yóò fa ahọ́n náà yọ, yóò jù ú sápò. Yóò ní, "Máa ta á lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, mo ní, "Ọ̀gá, ó ku ọ̀kan."

Ó ní, "Ó ku mẹ́fà."

Mo sunkún délé. Ìyá Ìkòròdú ń to ẹja sórí ààrò, ó ní, "Ṣé ó nà ọ́ ni?" Mo ní rárá. "Ó bú ẹ?" Mo ní rárá. "Kí ló wá ṣe ọ́?" Mo ní, "Ó yọ ahọ́n mi." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀la wàá padà lọ. Ọkùnrin tó bá ń fìyà jẹ ọ́ láì pariwo, iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́ ọ." Mo padà lọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń ta orin ahọ́n méje lórí mẹ́fà, lórí márùn-ún. Mo kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀nà ti já.

Ẹgbẹ́ wa kéré. Ọ̀gá ń ta agídìgbo ńlá, èmi ń ta kékeré, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ráṣídì sì ń lu àkúbà. Ráṣídì jù mí lọ dáadáa, ó mọ ìlù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, Ọ̀gá ló máa sọ ọ́ fún.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí agbára iṣẹ́ yìí ni abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará etíkun Oǹdó ló tẹ̀dó síbẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹbùn ra ọkọ̀ tuntun, ó fẹ́ dúpẹ́, ó sì ní kí a wá. Ó bẹ̀ wá pé kí a ta orin ìjọ wọn kan tí gbogbo wọn fẹ́ràn. Orin òkè òkun ni, wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lẹ́nu ni. Níbì kan nínú rẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ ni pé ọkọ̀ wa ti gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn orin náà dúró lójú kan, kò sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ, ohun tó sì ń jáde lẹ́nu àwọn obìnrin yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni pé ọkọ wa ti gúnlẹ̀.

Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Níbo ló ti ń purọ́?" Mo ní, "Lórí ọkọ̀ ni, Ọ̀gá." Ó ní, "Tún un ṣe."

Mo yí ohùn náà padà. Mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ bí ẹni fi ìdákọ̀ró sómi, gbogbo ìyókù orin náà sì tẹ̀ lé e, ó di orin mìíràn. Ni àgbàlagbà kan nínú ìjọ wọn bá dìde. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Orin Olúwa lẹ fi ń ṣeré. Báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́."

Ráṣídì ti ń di ìlù rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀. Màmá Ẹbùn ló dáhùn, ó rọra sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Láti kékeré ni mo ti ń kọ orin yìí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Bàbá náà wo ọkọ̀ tuntun náà létí omi. Ó jókòó, ó ní, "Ẹ tún un ta, kí n gbọ́." A tún un ta. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù. Láti ọjọ́ yẹn ni Ráṣídì ti ń kí mi.

Mo wá dé ibi ọ̀fọ̀ báyìí. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ burúkú tirẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé tòun kò ní, ẹ má fọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

À ń lọ sí Ejinrin fún ọjọ́ ọjà. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ti ní kí a wá dá wọn lára yá. A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Èbúté Ìkòròdú ní àárọ̀, Ọ̀gá, Ráṣídì, èmi, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò mélòó kan. Ojú ọjọ́ dára nígbà tí a gbéra. Nígbà tí a ń súnmọ́ Ejinrin ni afẹ́fẹ́ dìde, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọlọ́kọ̀ fẹ́ gba ẹ̀bá lọ, ó sì kọ lu òpó igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dojú dé. Kò sẹ́ni tó ráyè pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ omi í wẹ̀. Ráṣídì náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé ẹ̀bá ọ̀sà kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo yọrí, mo rí i tó dì mọ́ agídìgbo ńlá, torí pákó ni, ó léfòó. Mo lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, mo dì í mú lẹ́yìn. Ó ń sọ fún mi pé, "Má jẹ́ kó lọ. Má jẹ́ kó lọ." N kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ló ń wí tàbí àpótí náà.

Àwọn apẹja fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn sáré dé. Wọ́n yọ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó kú, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fa Ọ̀gá wọlé, ìgbì gbé ọkọ̀ tiwa tó dojú dé, ó gbé e kọ lu tiwọn, ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá sì wà láàrin méjèèjì. Ó kàn wo ọwọ́ náà, ó sì wo ojú mi.

Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ọwọ́ jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò tẹ̀ mọ́. Ó dúró gbọnin bí igi. Kò lè ta agídìgbo mọ́, kò lè di ẹ̀mú aago mú dáadáa. Ó ti agídìgbo ńlá sábẹ́ ibùsùn. Àkúbà Ráṣídì ti bá omi lọ, agídìgbo kékeré tèmi náà ti bá omi lọ. Ráṣídì wá kí wa, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sílífá, ká má tan ara wa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rì náà ni ẹgbẹ́ rì." Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan fẹ́ kọ́ òun ní mọ́tò wíwà. Ní ilé, Ìyá Ìkòròdú ti fi igbá ẹja kan sílẹ̀ fún mi. Ó kàn fi í síbi tí n óò ti rí i.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ohun tó wà níwájú mi nígbà náà ni ìlérí kan tí a ti ṣe kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́, Ṣadíátù, tó ti wọlé ọkọ pẹ́ kó tó rí oyún. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń retí, orin kan wà tí rédíò ń kọ, orin ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó rìnrìn àjò tí kò padà. Ìyá inú orin náà ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èrò ọ̀nà pé, "Ta ló bá mi rí ọmọ mi?" Orin ìbànújẹ́ ni. Ṣadíátù ti sọ fún wa pé bí Ọlọ́run bá gbọ́ tòun, orin yẹn gan-an lòun fẹ́ ká ta níbi ìsọmọlórúkọ, torí òun lòun ń kọ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọlọ́run ti gbọ́. Ọmọ ti dé. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo fa àpótí yọ lábẹ́ ibùsùn. Omi ti mú kí pákó rẹ̀ wú, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ahọ́n sì ti dípẹtà. Mo ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin péré ló ṣì ń sọ òótọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ó ní, "Ahọ́n mẹ́rin kò lè kọ orin yẹn. Ìbéèrè ló máa lè kọ. Ìyókù á gé."

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé ó ku ọ̀kan, kí lẹ sọ fún mi?"

Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jọ ẹ̀rín. Ó ní, "Lọ pe Ráṣídì."

Ráṣídì wá. Kò ní àkúbà, ó yá kèrègbè ńlá lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn wa nílé ìsọmọlórúkọ náà, ó fi ọwọ́ tó bàjẹ́ sínú agbádá. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, gbogbo ẹbí ti pé, ààfáà ti ṣàdúà tán. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ta ìbéèrè náà, ta ló bá mi rí ọmọ mi, ó jáde ketekete. Ibi tó yẹ kí orin máa bá lọ, tí ìyá náà ti ń ṣàlàyé ìbànújẹ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò sí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúró. Ráṣídì kò mọ ohun tó máa ṣe, ó kàn ń fọwọ́ pa kèrègbè. Mo tún béèrè. Mo tún dúró.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá ọkọ Ṣadíátù tó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ ló ṣàdédé dáhùn sínú àlàfo yẹn. Ó ní, "A ti rí i, ó ti dé."

Ó fi ohùn sí i, ó bá orin náà mu bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Ni àwọn obìnrin ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo béèrè, wọ́n dáhùn. Mo béèrè, wọ́n dáhùn. Orin tí gbogbo wa fi ń sunkún nídìí rédíò di ohun tí à ń jó. Ṣadíátù bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn mi mo gbọ́ ohùn kan tó nípọn, tí n kò gbọ́ rí nínú orin láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ló ń bá wọn dáhùn.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe jí nìyẹn. Wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, wọ́n á ní àwọn fẹ́ agídìgbo tó máa ń dákẹ́ kí èèyàn lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí a rówó ṣe àpótí tuntun pẹ̀lú ahọ́n pípé, àwọn èèyàn kọ̀ ọ́ fún orin yẹn, wọ́n ní àwọn kò rí ibi tí àwọn máa wọlé sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo lè ṣí sílẹ̀ nínú gbogbo orin tí mo bá mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Èmi ń ta, Ọ̀gá ń fi ẹnu tọ́ mi sọ́nà, títí ọjọ́ tó sùn tí kò jí mọ́. Ráṣídì kò wa mọ́tò. Ó lu ìlù fún mi títí ó fi darúgbó, ó sì ń pè mí ní Ọ̀gá níwájú àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sílífá ló ń pè mí bí a bá ku àwa méjì.

Irinṣẹ́ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohùn àpótí ló ń bá àwùjọ jà. Nígbà tó yá maikirofóònù dé, a ń gbé e síwájú ihò agídìgbo, ó ń hu bí ajá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kékeré kan dé tó ń lẹ̀ mọ́ pákó, tó ń gbọ́ ohùn láti inú igi. Ìgbà kan wà tí dùùrù oníná gba ìgboro, tí ọmọkùnrin kan yóò tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ìlù ayé á jáde. Iṣẹ́ dín kù nígbà náà. Mo padà sídìí ẹja fún sáà kan, n kò sì tijú. Fóònù ló tún dá mi padà. Àwọn èèyàn ń ká wa sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń wá mi kiri.

Báyìí ni Àǹtí Bùkọ́lá ṣe rí mi. Ó ń gbé ní ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn Agric, ní Ìkòròdú, erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tí kò fẹ́ràn orin kankan àyàfi ti òyìnbó kan, onígìtá, tó ń kọ nípa ọkùnrin tó wà lọ́nà jíjìn tó ń rántí ilé. Àǹtí Bùkọ́lá ní, "Màmá, ṣé agídìgbo lè ta á? Bàbá mi máa pé ọgọ́rin ọdún."

Mo ní, "Fi sínú fóònù mi. Ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi." Ó ṣàlàyé. Mo gbọ́ ọ, mo sùn níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo fi ọ̀rọ̀ tiwa sí i, n kò túmọ̀ ti òyìnbó náà. Mo jẹ́ kí ọkùnrin náà máa ka èbúté tó ń kọjá kó tó délé. Lọ́jọ́ náà, bàbá yẹn tẹ́tí sílẹ̀ títí dé ìparí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "N kò mọ̀ pé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni ọkùnrin yẹn ń gbà lọ sílé." Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kì í sọ Yorùbá wá bi í pé kí ni èbúté. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó tutù, ó ṣì ń sọ fún wọn.

Oríkèé ọwọ́ ló ní kí n sinmi. Àtàǹpàkò ń wú bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo fi ẹgbẹ́ lé àwọn tí mo kọ́ lọ́wọ́, mo jókòó sílé. Tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí n óò sọ ni pé ẹ má ṣe é tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ yín. Ẹ ṣe é tí etí yín bá ń hó nígbà tí ọ̀rọ̀ àti orin bá ń jà. Ẹ sì wá ọ̀gá tó le.

Ní àìpẹ́ yìí, mo gbé bùbá kan lọ sí Agric kí wọ́n bá mi dín in. Ọmọbìnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀, Fúnmi ni wọ́n ń pè é, ń kọrin lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti ká gìtá sínú fóònù, ó gbé fóònù náà ka orí àpò òwú, ó ń kọ lé e. Mo gbọ́ "Ta ló bá mi rí ọmọ mi?" Mo gbọ́ àlàfo náà. Ó ń kọ ọ́ kíákíá, bí wọ́n ṣe ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọ̀dọ́. Mo ń retí kó ní a ti rí i, ó ti dé. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó yí ohùn rẹ̀ padà, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíi tọmọdé, ó ní, "Ìyá mi, ojú ọ̀nà ni mo wà."

Mo jókòó sórí àga oníbàárà.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ ní orin yẹn?"

Ó ní, "Orin àwọn àgbà ni, Màmá. Kò lólówó. Wọ́n máa ń kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ wa."

"Ìdáhùn yẹn ńkọ́? Ta ló fi í sí i?"

Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Mo rò ó pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó fún un láyè kó fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé kò dáa ni, mà?"

Mo ti ta orin yẹn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, níwájú èrò tí n kò lè kà. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ náà lè dáhùn. Mo wá irọ́ nínú ohùn rẹ̀, n kò rí.

Mo ní, "Ó dáa. Tún un kọ fún mi, kí n lè mú un."

Ó gbé bùbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tún un kọ. Nígbà tó dé ibi ìbéèrè, èmi ni mo béèrè, ó sì dáhùn. Nígbà tí mo délé, mo gbé agídìgbo kalẹ̀. Àtàǹpàkò ń ro mí. Mo rọra ń wá ibi tí ohùn ọmọ yẹn wà lójú rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, láàrin, títí mo fi rí i.